Ìgbà tí ata bá ẹran pàdé: láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Òndó

Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ẹran sísun kò ju ẹran sísun lọ, àti pé èyí tó bá ta jù ló dùn jù. Nígbà tí àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Òndó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, a sì jọ pinnu pé a ó máa tọ́ ẹran sísun wò níbikíbi tí a bá ti rí i.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní Sábó, lọ́dọ̀ Alájì onísúyà tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tí n kò sì béèrè ohunkóhun rí ju iye tó ń tà á. Mo bi í léèrè ìdí tí súyà tí a sun nílé fi jóná lẹ́yìn, tí ó sì korò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀pà lásán ni a lọ̀ sí i. Ó ṣàlàyé pé kúlíkúlí, èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata, atalẹ̀, èèrù àti iyọ̀ kí ó tó di yájì, àti pé gbígbẹ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ẹran tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹran náà tó rí iná rárá. Ti kílíṣí tún yàtọ̀: oòrùn ni yóò kọ́kọ́ gbẹ ẹ́, wọn yóò fi ẹ̀pà àti ata pa á lára, yóò tún padà sínú oòrùn, iná ni yóò sì kàn án kẹ́yìn, fún ìgbà díẹ̀ péré.

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, a ra ọ̀yà kan tí wọ́n là láyà, tí wọ́n sì fi igi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá tó tà á sọ fún wa pé kí a tètè sè é o, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í gbọ́ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹran, já itan kan jẹ nínú ọkọ̀. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, èéfín nìkan ló gba ẹnu, inú rẹ̀ sì pupa bẹ́ẹ̀rẹ́. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ata ẹran yìí ti ń dúró dè é. Àwa ni a kánjú.

Àsun ni wọ́n fi pàdé wa ní Òndó. Wọ́n wi irun òbúkọ náà, wọ́n sun ún tawọtawọ lórí iná igi, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yí i mọ́ ata rodo àti àlùbọ́sà nínú agbada gbígbóná. Awọ yẹn ni mo fẹ́ràn jù: ó ń le léyín díẹ̀, èéfín wà nínú rẹ̀, ata tútù sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀.

Mo gbé díẹ̀ lọ fún Alájì nígbà tí a padà dé. Ó kọ́kọ́ bi mí ta ni ó dú ẹran náà; mo ní Àáfáà ni. Ó jẹ ẹ́, ó nu imú, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe gbàgbé ata títí ẹran fi jinná.