Macstrna tàbí Mastarna: ṣé orúkọ ni, àbí oyè?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè àwọn Etruscan, ẹ̀yà kan tó gbé ní Ítálì nígbà àtijọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 48 lẹ́yìn ìbí Kristi, Olú Ọba Claudius sọ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin Róòmù pé Mastarna ni àwọn Etruscan ń pe Servius Tullius, ọba kẹfà ní Róòmù. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ náà sára idẹ tí wọ́n rí ní Lyon ní 1528. Ṣùgbọ́n nínú ibojì François ní Vulci, ìlú Etruscan àtijọ́ kan, tí wọ́n ṣí ní 1857, Macstrna ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tó ń fi idà gé okùn ọwọ́ Caile Vipinas, akọni Etruscan kan. Lẹ́tà c yẹn ló ń dà mí láàmú.

Èdè wọn kò ní ìró g. C ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, fáwẹ́lì àárín á sì jábọ́. Bí magister ti Látìn, tó túmọ̀ sí olórí tàbí ọ̀gá, ṣe lè di macstr- nìyẹn, kí wọ́n tó fi -na kún un. Ó bọ́gbọ́n mu lójú tèmi, àmọ́ -na yìí, ara orúkọ ìdílé la ti sábà ń rí i. Tó bá jẹ́ oyè, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ mìíràn tí cs ti di s nígbà tó wọ Látìn?

Ẹ má fi Tusci, Etrusci tàbí Rasenna dáhùn o; orúkọ gbogbo ẹ̀yà nìyẹn.