Kí ni Sabeer Bhatia tó dá Hotmail sílẹ̀ gbójú lé tó fi lè sọ fáwọn olówó pé "rárá"?

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má baà ṣe ohun tí n ó kábàámọ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń kọ áàpù kan fáwọn alájọ, kí ẹni tó ń gba àjọ lè máa rí ẹni tó ti dá àti ẹni tó kù lórí fóònù rẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ọmọ ti sùn, màá jókòó tì í títí di aago kan òru. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ń lò ó níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó máa ń fowó sí òwò èèyàn ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun á fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 pọ́n-ùn, kí n fún òun ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ló dá fún mi pé kí n fèsì. Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo gbọ́ iye yẹn.

Ará Íńdíà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n lọ wádìí ìtàn Sabeer Bhatia, ọ̀kan lára àwọn méjì tó dá Hotmail, ímeèlì ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀. Ó ní àlejò bíi tèmi lòun náà lókè òkun, wọ́n fẹ́ gba ìpín ńlá lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló gbójú lé?

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ Hotmail kàn mí, wàá rí ìdí ẹ̀.

Ọdún 1968 ni wọ́n bí Sabeer, Bangalore ní Íńdíà ló sì dàgbà sí. Bàbá ẹ̀ ti ṣe ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, báńkì ni ìyá ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ilé olówó-oṣù ni, kì í ṣe ilé olówó. Ó ti wọ iléèwé gíga ní Pilani nígbà tó ṣe ìdánwò kan tó gbé e lọ sí Caltech, yunifásítì kan ní California. Oṣù Kẹsàn-án 1988 ló sọ̀ kalẹ̀ ní Los Angeles. Ọmọ ọdún 19 ni, 250 dọ́là péré ló sì wà lápò ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé kóun gbàwé ẹ̀rí, kóun padà sílé lọ ríṣẹ́ gidi ṣe.

Yunifásítì Stanford tó lọ lẹ́yìn ìyẹn ló yí i lọ́kàn padà. Wọ́n máa ń pe àwọn tó ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn ni Vinod Khosla, ará Íńdíà bíi tiẹ̀, tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems sílẹ̀ lọ́dún 1982. Nígbà téèyàn bá rí ọmọ ìyá ẹ̀ lórí àga yẹn, o mọ bó ṣe ń ṣeni.

Ilé-iṣẹ́ Apple tó ti ṣiṣẹ́ ló ti pàdé Jack Smith, ẹni tí wọ́n jọ dá Hotmail sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Firepower. Wọ́n ti ń gbèrò òwò tara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi ímeèlì bára wọn sọ ọ́, torí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń lò, ọ̀gá lè kà á. Ni Jack bá ń wakọ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní December 1995, ó dórí afárá Dumbarton, ó sì fi fóònù pe Sabeer: ṣé a ò wá lè gbé ímeèlì fúnra ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéèyàn lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà yòówù, níbi yòówù? Ká ní ìwọ ni, o ò ní pariwo? Sabeer ní kó pa fóònù yẹn kíá, kó délé kó tó tún pe òun, kí ẹlòmíì má baà gbọ́. Kò sùn mọ́jú, ó ń kọ ètò òwò náà. Nígbà tó débi iṣẹ́ láàárọ̀, tójú ẹ̀ wú, ọ̀gá ẹ̀ rò pé òde àríyá ló ti ń bọ̀.

Ibi tí ìbéèrè rẹ wà nìyí. Nǹkan bí ogún olówó ló ti lé Sabeer jáde kó tó dé ọ́fíìsì Draper Fisher Jurvetson, ilé-iṣẹ́ tó máa ń fowó sí òwò tuntun. Nǹkan mìíràn ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ níwájú wọn, èrò kan tí wọ́n pè ní JavaSoft. Ẹni tó bá tako ìyẹn pẹ̀lú ọgbọ́n, tó mọ ibi tó ti ń jò, òun ló máa ń fi ti Hotmail hàn. Òun gan-an ló ń dán wọn wò! Nígbà tí àwọn Draper ní àwọn fẹ́ ìdá 30, ó ní ìdá 15 ni. Wọ́n ná an títí, ó dìde, ó gba ilé ẹ̀ lọ. Àwọn ni wọ́n padà pè é. 300,000 dọ́là ni wọ́n fún un fún ìdá 15 yẹn.

Ní tèmi, ohun tó gbójú lé ni pé "rárá" ò bà á lẹ́rù mọ́, ó ti gbọ́ ọ tó nígbà ogún. Ìwọ, olówó mélòó lo ti rí? Ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tọ́wọ́ rẹ fi gbọ̀n.

Ní ti èmi: ní 1998, ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi ní bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n ká a, wọ́n fi píìnì gún un, mo sanwó ojú ewé kan. Ìlà kan wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́: pé kí n wá gba ímeèlì tèmi lọ́fẹ̀ẹ́ ní Hotmail. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àdírẹ́sì tí mo ṣí lọ́sẹ̀ yẹn ni mo fi gba ìwé tó gbé mi jáde nílé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_San_José

Bàbá, ẹ ṣeun, inú mi dùn sí ti ìwé tẹ́ ẹ fi píìnì gún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ibì kan kún un. Ìlà tẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, Tim Draper, ọ̀kan lára àwọn olówó Draper yẹn, ló ní kí wọ́n fi sí i. Sabeer àti Jack ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, lójú tiwọn kò bójú mu kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ lẹ́tà ẹlòmíì. Wọ́n ṣí Hotmail ní July 4, 1996. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, àwọn tó ń lò ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ìlà yẹn ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, sisí Àbẹ̀kẹ́, ẹ bi ọkùnrin yẹn pé yàtọ̀ sówó, kí ló tún ń mú bọ̀? Ṣé ó mọ ẹgbẹ́ alájọ kankan?

Nígbà tí Microsoft náà dé láti ra Hotmail, wọ́n tún bá ọmọkùnrin yìí nídìí ọjà náà ni. Ó ní ní Íńdíà, ẹ̀fọ́ pàápàá, èèyàn máa ń ná an ni. Ìparí December 1997, tó ń pé ọdún 29, ni wọ́n parí ẹ̀. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là làwọn oníròyìn gbé jáde.

Ìyá_Tóbi

Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdajì ìtàn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Arzoo tí Sabeer dá sílẹ̀ lẹ́yìn Hotmail kógbá sílé ní 2001. Ìlú tuntun tó fẹ́ kọ́ ní Haryana ní Íńdíà, Nano City, kò ṣeé ṣe. Ọgbọ́n kan náà, ojú líle kan náà ló lò síbẹ̀ o. Àbẹ̀kẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ rà á ni ọjà rẹ ṣì ní. Tó o bá kọ̀, ṣírò bóyá o lè ṣe oṣù mẹ́fà sí i láìrówó kankan gbà.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ̀yin náà Ìyá Tóbi, kò sí ẹni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lálẹ́ àná. Mo lè ṣe oṣù mẹ́sàn-án tí mi ò bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo nílò ò sì tó 50,000, 18,000 ló máa tó mi.

Mo ti kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé kó fún mi di oṣù tó ń bọ̀, mo sì bi í léèrè alájọ tó mọ̀. Kò tíì fèsì. Lọ́jọ́ Ajé, mo máa lọ bá àwọn méjì mìíràn ní Manchester. Tẹ́ ẹ bá mọ lọ́yà tó máa ń ka irú ìwé àdéhùn yìí tí kò gbówó lórí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.