Sípíkà àti áńpù gidi fún pálọ̀ l'Óṣogbo, owó wà ńlẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀

ỌmọÒkèFìà:
Ẹ ńlẹ̀ o ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tí mo kọ́ sí apá Ọ̀fàtẹ̀dó, pálọ̀ òkè ni mo yà sọ́tọ̀ fún orin nìkan, kò ní sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ rárá. Mílíọ̀nù 20 ni mo kó jọ fún sípíkà àti áńpù, mo sì lè fi díẹ̀ lé e tó bá pọn dandan. Orin tí mo ń gbọ́ ni àpàlà, jùjú àtijọ́, dùndún, bàtá, pẹ̀lú kwaya ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò wá èyí tó máa mi ògiri bíi ti òde àríyá o, ohun tí mo fẹ́ ni kí ìyáàlù máa sọ̀rọ̀ kí n máa gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí, kí n mọ ìgbà tí onílù fún ọṣán àti ìgbà tó dẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi tó wà l'Ámẹ́ríkà ní òun lè ra gbogbo ẹ̀ níbẹ̀ kóun fi ránṣẹ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ yàn, áńpù àbí sípíkà? Àwọn kan ní áńpù McIntosh tí ojú ẹ̀ ń tan búlúù yẹn ni, àwọn kan ní sípíkà B&W, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pọ̀ jù fún mi.

Etí_Ìgbọ̀nà:
Sípíkà Klipsch ni o jàre bọ̀dá. Klipschorn tí Paul Klipsch bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Hope, ní Arkansas ní 1946, wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Hóònù (ẹnu tó fẹ̀ bíi ti fèrè) ni wọ́n fi ṣe inú ẹ̀, nǹkan bíi 105 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó) ni wọ́n kà á sí, áńpù wọ́ọ̀tì 10 péré á gbé e débi tí àwọn ará àdúgbò á fi máa gbọ́. Ìlù máa ń yọ nínú ẹ̀ gan-an ni. Kọ̀rọ̀ ilé ló ń fẹ́ ṣá, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, tí ilẹ̀kùn bá wà ní kọ̀rọ̀ kan, ẹ má rà á.

Bàbá Wáyà:
Ọ̀rọ̀ Klipsch yẹn dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ọ̀gá mi, sípíkà lẹ máa kọ́kọ́ yàn, torí sípíkà ló máa sọ irú áńpù tó fẹ́, kò sẹ́ni tó ń ra gàárì kó tó mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi sínú páálí sípíkà, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní sensitivity, òun ló ń sọ bó ṣe máa dún tó ní mítà kan tí ẹ bá fi wọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sí i. Sípíkà 87 dB máa jẹ wọ́ọ̀tì ìlọ́po mẹ́wàá kó tó lè dún tó sípíkà 97 dB. Látibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó ńlá kúrò ní 100 wọ́ọ̀tì bọ́ sí 200 wọ́ọ̀tì, 3 dB péré ló tà fún yín, ìyẹn ò tó nǹkan létí. Ẹ tún wo ohm o, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, bó bá ṣe kéré sí ni iná tó ń fà lára áńpù ń pọ̀ sí. Sípíkà Magnepan, ẹ̀ẹ́ rí i pé 4 ohm ni, dB ẹ̀ ò sì pọ̀, irú ìyẹn ò fi wọ́ọ̀tì orí ìwé ṣe, kọ́rẹ́ńtì ló ń wá, áńpù tí tiráńsífọ́mà inú ẹ̀ kéré ò lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́, òun gan-an ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta áńpù class A fún yín lórí ínfátà. Class A, bí orin bá ń lọ, bí orin ò lọ, iná kan náà ló ń fà látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ooru ló sì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ dà, bátìrì á kú kí alẹ́ tó lẹ́. Class AB (tí kì í fa iná púpọ̀ bí orin ò bá pariwo) tó ní tiráńsífọ́mà tó ki ni mo máa rà tó bá jẹ́ èmi ni, bíi Hegel ti Norway, Accuphase ti Japan tàbí McIntosh tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn. Class D tòde òní náà ti dáa gan-an, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ínfátà yẹn ẹ rí i pé pure sine wave ni (iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti iná ògiri), èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí tiráńsífọ́mà kùn hùùù, ariwo yẹn ẹ̀ẹ́ sì gbọ́ ọ nígbà tí orin bá rọ̀.

Ti àbúrò yín tó wà l'Ámẹ́ríkà: ó lè ra sípíkà ránṣẹ́, torí sípíkà tí kò ní áńpù nínú kì í lo iná ògiri. Áńpù ni kó má rà. 120V, 60Hz ni tiwọn, 230V, 50Hz ni tiwa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn áńpù yìí ni wọn ò ṣe kó máa ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Ti Japan tiẹ̀ tún jẹ́ 100V. Ìlú Ọba ni kẹ́ ẹ ti mú áńpù wá, 230V àti 50Hz náà ni wọ́n ń lò, pọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn náà la ń lò.

Báwo ni pálọ̀ yẹn ṣe tóbi tó?

ỌmọÒkèFìà:
Ẹ ṣé gan-an sà, ọ̀rọ̀ fóltéèjì yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Pálọ̀ náà gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4.5, òkè ẹ̀ jẹ́ mítà 3. Táìlì la tẹ́ sílẹ̀, ògiri bùlọ́ọ̀kù, POP lókè, wíńdò gíláàsì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí mo bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ ó máa ń dún padà gbangban.

Àdùnní_Aláró:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Gbangban tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn ló máa gbé ọ̀rọ̀ ìyáàlù mì, bẹ́ ẹ gbé sípíkà mílíọ̀nù 50 síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlù wà nínú bí ohùn ṣe ń rá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí ohùn tó ti kọjá bá ń lù padà lára ògiri tó sì ń da ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀, ariwo lásán lẹ máa gbọ́.

Èèyàn máa ń rò pé kóun so adìrẹ kọ́ ara ògiri á ṣe é. Adìrẹ fẹ́lẹ́ jù, díẹ̀ ló máa mú nínú ohùn tó tín-ín-rín, kò ní fọwọ́ kan bésì. Ẹ lọ bá kápẹ́ńtà, ẹ jẹ́ kó kan férémù pákó tó jìn tó íǹṣì mẹ́rin, ẹ ki rockwool tàbí fiberglass (òwú tí wọ́n fi òkúta tàbí gíláàsì ṣe) sí i, lẹ́yìn náà lẹ wá fi adìrẹ bo ojú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba inú adìrẹ kọjá torí náà kò ní dí ohùn lọ́wọ́. Òṣogbo ìlú aró la wà, kí ni ń jẹ́ kí ogiri wa rí bíi ti ọ́fíìsì? Ẹ gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, níbi tí ohùn ti kọ́kọ́ ń lu ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ yín (ẹ jókòó, kí ẹnì kan máa gbé dígí lọ lára ògiri, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ ni), kẹ́ ẹ gbé èyí tó nípọn jù sí kọ̀rọ̀ fún bésì. Kápẹ́ẹ̀tì tó ki nílẹ̀, kọ́tìnì tó wúwo sí wíńdò.

Bésì pálọ̀ yín máa kó jọ ní bíi 29 Hz àti 38 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), torí ohùn ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn pálọ̀ pín in, ẹ ó rí 29, ẹ fi ìlọ́po méjì fífẹ̀ ẹ̀ pín in, ẹ ó rí 38. Ẹ má gbé àga yín sí àárín gbùngbùn pálọ̀, ẹ má sì fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ sún sẹ́yìn sẹ́yìn títí bésì á fi dọ́gba. Sípíkà náà, ẹ fà á kúrò lára ògiri tó bíi mítà kan.

Tó bá wá kan rírà, Harbeth ni màá fọwọ́ sí. Dudley Harwood tó ti ṣiṣẹ́ ní BBC ló dá a sílẹ̀ ní 1977, ohùn èèyàn ni wọ́n fi ń dán sípíkà wò níbẹ̀ kí wọ́n tó dán nǹkan mìíràn, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ò sì yàtọ̀ sí ohùn èèyàn. Bíi 86 dB ni, torí náà áńpù class AB tí Bàbá Wáyà ń wí yẹn ló máa bá a mu, ti Klipsch wọ́ọ̀tì 10 ò ní tó o. Tí ẹ bá fẹ́ KEF, sípíkà kékeré àárín ńlá tí wọ́n ń pè ní Uni-Q yẹn máa ń jẹ́ kí ohùn jáde láti ojú kan ṣoṣo, ó dáa fún kwaya.

Bàbá Wáyà:
Mo fara mọ́ ọn. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ sípíkà méjì wò, ẹ mú orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ tẹ́tí sí ṣaworo etí ìyáàlù, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún wínníwínní tàbí ó ń hanni létí, ẹ gbọ́ gúdúgúdú bóyá ó ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé bí ọ̀kan ṣe ń pariwo tó ni èkejì náà ń pariwo. Èyí tó bá fi díẹ̀ lé sókè letí máa ń yàn, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà mọ̀ ọ́n. Tó bá sì jẹ́ tòkùnbọ̀ ni wọ́n gbé wá, ẹ tẹ etí wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé bésì) wò, tó bá jẹ́ fóòmù, ó lè ti máa jẹrà, rọ́bà ni kẹ́ ẹ mú.

ỌmọÒkèFìà:
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti pe kápẹ́ńtà mi, ó ń bọ̀ wá wọn ògiri ní Sátidé. Màá yọ mílíọ̀nù 2 fún férémù àti kọ́tìnì, màá wá fi èyí tó kù sí Harbeth àti Hegel láti Ìlú Ọba. Àdùnní, ṣé adìrẹ eléko lẹ ní kí n lò, àbí oníko náà á ṣe é?

Àdùnní_Aláró:
Èyíkéyìí ni. Ẹ ṣáà gbé aṣọ náà sẹ́nu kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, tí afẹ́fẹ́ bá gba inú ẹ̀ kọjá, ó ti dáa.