Ìyá mi ti gbé èso ìtàkùn ẹ̀yìnkùlé kaná: ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́ (Atlanta): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró di alẹ́. Ìyá mi, tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá mi wẹ ọmọ tuntun, rí ìtàkùn kan tó ti bo ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìn ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Wọ́n já èso rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sì ti gbé e kaná láti aago mẹ́wàá, wọ́n ní pọ̀pọ̀ǹdó ni. Èèpo rẹ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó rí pẹlẹbẹ, irun kúnnákúnná sì bò ó lára bí aṣọ àrán. Ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ni ó ń jẹ́, ṣé ènìyàn lè jẹ ẹ́?

Bàbá Ìbejì (Houston): Ẹ gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná kí ẹ tó ka gbólóhùn tó kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tọ́ ọ wò, ẹ pe 1-800-222-1222, àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán-tòru. Irun tó wà lára èèpo yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Yèrèpè ni mo fura sí.

Ìyá Àdùkẹ́: A ti gbé e kalẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹnu kàn án nítorí pé kò tíì rọ̀. Kò yún wọn lọ́wọ́ rárá, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn.

Ọmọ Akẹ̀sán (London): Bí ó bá jẹ́ yèrèpè ni, Màmá kì bá tí pa èso ìkòkò kan tán kí wọ́n tó máa fi ara ha ògiri. Irun yèrèpè a máa bọ́ sí ara ẹni. Èyí tí ẹ ń sọ yìí lẹ̀ mọ́ èèpo bí àrán, bẹ́ẹ̀ ni ẹ sì ṣe wí. Ó dà bí ẹni pé mo mọ ìtàkùn yìí, mo sì sanwó kí n tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ilé níbí, nígbà òtútù, mo rí igi gbígbẹ kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, tó fà mọ́ ògiri iwájú ilé láìní ewé kan ṣoṣo. Mo rò pé ó ti kú, mo sì fi ayùn rẹ́ ẹ láti ìdí, mo ń dúró kí onílé yìn mí. Onílé dé, ó di ọwọ́ mọ́ orí: wisteria ni, ìtàkùn olódòdó kan, ìyá rẹ̀ ló gbìn ín. Ó yọ 600 pọ́n-ùn nínú owó tí mo fi dógò lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo ti fi èékánná ha ara igi náà díẹ̀, ǹ bá ti rí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo rẹ̀, ǹ bá sì mọ̀ pé oorun ló ń sùn.

Bàbá Ìbejì: Ìtàn yín dùn, ará London, ṣùgbọ́n arábìnrin ti sọ pé ewé mẹ́ta ni, wisteria kì í sì ní ewé mẹ́ta. Jọ́jíà ni wọ́n wà, ibi tí ìtàkùn kudzu ti jẹ́ ọba. Láti Jàpáànù ni wọ́n ti mú un wá síbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia ní ọdún 1876, nígbà tó sì di àárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba ń san tó dọ́là 8 lórí éékà kan fún àgbẹ̀ tó bá gbìn ín kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Lónìí, owó ni wọ́n ń ná láti hú u. Àbúrò mi fi ọkọ̀ tó bàjẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Alabama, ó rìnrìn àjò lọ sílé fún oṣù mẹ́ta, nígbà tó dé, ó fi ọ̀pá wá ọkọ̀ náà kí ó tó rí i. Òdòdó rẹ̀ ń run bí èso àjàrà, irun sì wà lára èèpo òun náà. Kudzu ni, mo ti parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ajílété (Charlotte): Ẹ dákun, ẹ má tíì parí ọ̀rọ̀. Kí a tó máa pín orúkọ, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní ewé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ wa ní yunifásítì LAUTECH ti máa ń fi òdo fún wa. Ẹ lọ sídìí ìtàkùn náà, kí ẹ wo kọ̀rọ̀ tó wà láàárín igi àti ọ̀pá ewé. Ẹ óò rí ojú èhù kékeré kan tó jókòó síbẹ̀. Ibi tí ojú èhù bá wà ni ewé ti bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo tó sì wà láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, ewé kan ṣoṣo ni, ì báà pín sí ogún. Àwọn pẹlẹbẹ tó tò sára ọ̀pá láìní ojú èhù nídìí, ọmọ ewé ni wọ́n. Èyí tí ẹ kà sí mẹ́ta yẹn, ṣé ẹ dé ìdí rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ má bínú sí mi. Ṣóńṣó ewé tó bá èso wọlé nínú apẹ̀rẹ̀ Màmá ni mo kà. Mo ti padà lọ síbẹ̀. Ọ̀pá náà gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ. Mẹ́fà wà lápá ọ̀tún, mẹ́fà wà lápá òsì, ọ̀kan dá dúró lórí. Mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀, ojú èhù kan péré ló sì wà nídìí wọn.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ẹni tó parí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Èmi kò ṣìnà. Mẹ́ta ni wọ́n kà fún mi, mẹ́ta ni mo sì dá lóhùn. Ta ni yóò mọ̀ pé mẹ́tàlá ni wọ́n gé orí rẹ̀?

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀yin náà ni kò bèèrè, ẹ̀gbọ́n. Pọ̀pọ̀ǹdó, yèrèpè àti kudzu, gbogbo wọn ló ní ọmọ ewé mẹ́ta. Nítorí náà, mẹ́ta nìkan kò lè ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyọnu.

Ìyá Ọlá (Hamburg): Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun kan. Ǹjẹ́ ó ní okùn tín-ín-rín tó fi ń di nǹkan mú? Mo bèèrè nítorí pé èyí tó tàn mí jẹ ní Jámánì ní in. Ọmọ ewé méjì péré ló wà lára ọ̀pá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá ọ̀hún di okùn tó ń ká kò, igi rẹ̀ sì ní etí pẹlẹbẹ lọ́tùn-ún lósì bí ìṣẹ́tí aṣọ. Òkè rẹ̀ a kú nígbà òtútù, ìdí rẹ̀ a sì tún rú nígbà tí ooru bá dé. Mo rò pé ẹ̀wà ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run pèsè, mo sè é, inú sì run mí fún ọjọ́ méjì. Aládùúgbò mi ló wá sọ fún mi pé nítorí òdòdó nìkan ni wọ́n ṣe ń gbìn ín.

Ìyá Àdùkẹ́: Kò ní okùn kankan, mà. Igi rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ mọ́ ọgbà, ó sì ti ya pákó méjì.

Ọmọ Ajílété: Ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ní í lọ, pákó inú ọgbà kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Wisteria ni. Ará London ló gba ife-ẹ̀yẹ. Èyí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ní irun lára èèpo, nítorí náà àlejò ni tiyín: yálà ti Ṣáínà, tó wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1816, tàbí ti Jàpáànù, tó tẹ̀lé e ní 1830. Ti Ṣáínà a máa ní ọmọ ewé 7 sí 13, ti Jàpáànù a máa ní 13 sí 19. Ẹ rí i pé 13 tiyín dúró sí ẹnu ààlà gan-an. Ẹ wo bí igi rẹ̀ ṣe ń lọ́: bí ènìyàn bá wò ó láti òkè, ti Jàpáànù ń tẹ̀lé ọwọ́ aago, ti Ṣáínà ń lọ lódì sí i. Èyíkéyìí tó wù kí ó jẹ́, ẹ da ìkòkò yẹn nù, nítorí pé hóró rẹ̀ a máa fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, n kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé iná láti yọ ìyẹn kúrò.

Ìyá Àdùkẹ́: A ti dà á nù. Màmá ní ẹni tó bá da pọ̀pọ̀ǹdó nù, ebi kò tíì pa á rí.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ẹ bá mi kí wọn, mà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún wọn pé ní Ọ̀yọ́, a kì í sè pọ̀pọ̀ǹdó tí a kò mọ ìyá rẹ̀.

Ọmọ Ajílété: Ọ̀yọ́ tún dé. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́ igi onígi nígbà tó ń sùn!

Bàbá Ìbejì: Kí ẹ máa jà lọ. Ní Houston, mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra pọ̀pọ̀ǹdó gidi, èyí tí èèpo rẹ̀ kúrú, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí hóró méjì sí mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i ní London?

Ọmọ Akẹ̀sán: À ń rí i ní Peckham. Ohun tí n kò rí ni ìwéréǹjéjé. Nígbà tí a wà ní kékeré, ara ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń wé mọ́. Èèpo rẹ̀ a là, hóró pupa tó ní ojú dúdú a sì yọ síta, àwa a máa kó o sápò bí ẹni kó wúrà.

Ìyá Ọlá: Ojú ológbò! Ìyá mi a máa tu àpò wa wò ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọmọdé tó bá fi eyín fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ di ilé ìwòsàn. Ọmọ ewé tirẹ̀ jẹ́ méjì-méjì títí dé òkè, kò sí èyí tó dá dúró ní ṣóńṣó. N kò mọ̀ pé mo ṣì rántí ìyẹn, àfi ìgbà tí mo ń kọ ọ́ yìí. Ó tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti délé gbẹ̀yìn.

Ọmọ Ajílété: Ìyá Àdùkẹ́, ọ̀nà wo ni igi yẹn ń lọ́ sí?

Ìyá Àdùkẹ́: Ilẹ̀ ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi wò ó. Igi méjì ló jáde láti ibì kan náà. Ọ̀kan ń tẹ̀lé ọwọ́ aago, èkejì ń lọ lódì sí i, wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé n kò mọ èyí tó so èso tí Màmá já. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tí ẹni Houston yẹn yóò fi pọ̀pọ̀ǹdó ránṣẹ́.