Ìbéèrè nípa àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú tí ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ọmọ Òkè-Fíà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn láàárín àwa tí a máa ń péjọ wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ṣàkíyèsí pé lára àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ń dúró níwájú quarterback (ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù) láti dáàbò bò ó, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú, àwọn kan máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Jermaine Eluemunor, tí wọ́n bí ní London tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà lára, ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Baltimore Ravens ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó lọ sí New England Patriots ní 2019, ó lọ sí Las Vegas Raiders ní 2021, ó sì dé New York Giants ní 2024. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹni tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ ojúlówó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí tí mo lè fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Kí ni ó ń gbé wọn kiri? Ṣé àìmọṣẹ́ ni, àbí bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn?

Àkàndé Ìgbónà:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè, nítorí àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú eré náà nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ètò NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà náà gan-an, ni ó ń sọ wọ́n di alárìnkiri, kì í ṣe àìmọṣẹ́.

Wo iye ènìyàn ná. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà. Nígbà ìgbaradì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní agbábọ́ọ̀lù 90, ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dín wọn kù sí 53. Nínú àwọn 53 yìí, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ṣọ́ iwájú, márùn-ún péré ni yóò sì wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà: center kan láàárín, guard méjì lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, tackle méjì ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn mẹ́ta sí márùn-ún tí ó kù gbọ́dọ̀ lè dí àlàfo márààrún bí ẹnikẹ́ni bá farapa. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń jẹun. Kò rọrùn rárá láti kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, nítorí ẹsẹ̀ tí ó máa ń wà lẹ́yìn yóò yí padà, ọwọ́ tí ó máa ń kọ́kọ́ kan alátakò yóò yí padà, ohun tí ara ti mọ́ fún ọdún púpọ̀ ni ó sì tún gbọ́dọ̀ kọ́ ní ìdàkejì, nígbà mìíràn láàárín ìdíje kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni tí ó ni àyè náà ti farapa lórí pápá.

Kelvin Beachum ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì ní 2012, òun ni wọ́n mú ṣe ẹni 248 nínú 253. Pittsburgh Steelers tí ó mú un sọ ọ́ di tackle òsì. Ó lọ sí Jacksonville Jaguars ní 2016, ó wà pẹ̀lú New York Jets láti 2017 sí 2019, ó sì dé Arizona Cardinals ní 2020, níbi tí wọ́n ti gbé e lọ sápá ọ̀tún. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn òmìrán wọ̀nyẹn.

Òfin pẹ̀lú ń bá wọn ṣe é. Àdéhùn tí líìgì àti àjọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ní 2020 sọ pé ẹgbẹ́ lè lo ènìyàn 48 lọ́jọ́ ìdíje bí ó kéré tán mẹ́jọ nínú wọn bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ iwájú. Bí wọn kò bá pé mẹ́jọ, 47 ni. Ẹgbẹ́ wo ni yóò fẹ́ pàdánù ẹnì kan? Ti owó tún wà níbẹ̀. Ní 2024, owó ọdún tí ó kéré jù fún ọmọ tuntun jẹ́ dọ́là 795,000, ti ẹni tí ó ti lo sáà méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jẹ́ 1,210,000. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tuntun ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa mú, nítorí pé iye tí wọ́n lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù ní gbèǹdéke. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà pé bí àgbà agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún kan fún owó tí ó kéré jù yìí, yóò gba 1,210,000 rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n 985,000 ni wọn yóò kà mọ́ gbèǹdéke ẹgbẹ́. Òfin rere ni mo kà á sí. Àmọ́ ọdún kan kì í pẹ́ parí, bí ó bá sì parí, ẹlòmíràn ni yóò tún pe ọkùnrin náà.

Àdùkẹ́ Ọjà Ọba:

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ẹni pé ìrìnkiri náà dùn mọ́ wọn. Beachum tí ẹ dárúkọ, orúnkún rẹ̀ ni ó bàjẹ́ ní 2015, Alejandro Villanueva sì bọ́ sí àyè rẹ̀, kò sì padà gba àyè náà mọ́ ní Pittsburgh. Ara tí ó ń bá ọkùnrin oníkílò 140 kọlu ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìdíje kan kò lè má sanwó rẹ̀, ẹgbẹ́ kì í sì í dúró de ẹni tí ó farapa.

Ẹni tí kò tíì pé sáà mẹ́rin nínú líìgì kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí yóò lọ. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn yóò gbé orúkọ rẹ̀ síta fún àwọn yòókù, ẹgbẹ́ tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ jù ni a ó sì kọ́kọ́ fún láàyè láti mú un. Ó lè sùn ní Miami lálẹ́ kí ó sì jí gbọ́ pé Seattle ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, tòun ti ìyàwó àti ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé fún. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mú un, ẹgbẹ́ ìdánrawò ni ó kù, ìyẹn àwọn tí ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò láìsí lára àwọn 53. Ní 2024, dọ́là 12,500 lọ́sẹ̀ ni ọ̀dọ́ ń gbà níbẹ̀, nígbà tí ọmọ tuntun tí ó wà lára àwọn 53 ń gba ju 44,000 lọ lọ́sẹ̀. Sáà mẹ́ta ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ní lákọsílẹ̀ kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí ó ń dun èmi jù nìyẹn, nítorí pé ẹni tí ó lo sáà méjì ààbọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún ti ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lo mẹ́ta.

Ní ti pé wọn kì í ṣe ojúlówó, ohun tí ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí iye góòlù tàbí yáàdì tí a lè kà fún wọn. Bí omele ni wọ́n rí nínú ẹgbẹ́ onídùndún: ìyá ìlù ni gbogbo ojú ń wò, ìgbà tí omele bá ṣì í lù nìkan ni àwọn oníjó máa ń yíjú sí i. Ẹ̀ṣọ́ iwájú lè ṣe dáadáa ní ìgbà ọgọ́ta, kí ó di alátakò mú lẹ́ẹ̀kan, kí rẹfirí pe nọ́ńbà rẹ̀ sétí gbogbo pápá, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì padà sẹ́yìn ní yáàdì mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má wo ẹni tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ wo ẹni tí ó pè é. Jason Peters kì í ṣe alárìnkiri ní ìbẹ̀rẹ̀, gbajúmọ̀ ni ní Philadelphia, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tackle Dallas Cowboys àti ti Seattle Seahawks farapa ní 2022 àti 2023, òun ni wọ́n ránṣẹ́ sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún 41 nígbà tí Seattle pè é.

Ọmọ Òkè-Fíà:

Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n Àkàndé àti Àǹtí Àdùkẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan lé e. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ó ga, tí ó sì sanra, ó ń sọ pé òun yóò lọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà fún ẹni tí kò lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà, àbí ìrìnkiri lásán ni yóò bá níbẹ̀?

Babalọlá Ògo-Olúwa:

Ọ̀nà wà, ó sì tóóró. Líìgì náà dá ètò kan sílẹ̀ ní 2017 fún àwọn elére ìdárayá láti ilẹ̀ mìíràn. Jordan Mailata, ọmọ Australia tí ó ti ń gbá rugby, gba ibẹ̀ kọjá. Philadelphia Eagles mú un ní ìpele keje nínú yíyan àwọn ọ̀dọ́ ní 2018, kò sì kúrò níbẹ̀ di ìgbà tí wọ́n gba Super Bowl, ìdíje àṣekágbá líìgì náà, ní oṣù Kejì 2025. Òdìkejì rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà Roy Mbaeteka, tí Giants fún ní àdéhùn ní 2022 tí ó sì bá Chicago Bears lọ lẹ́yìn náà. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ náà mọ̀ ni pé láti 2024, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè kan sí i nínú ẹgbẹ́ ìdánrawò fún irú àwọn àjèjì bẹ́ẹ̀, kò sì dín àyè ẹlòmíràn kù.

Kí ó tún wo Olusegun Oluwatimi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gba yunifásítì Amẹ́ríkà kọjá. Ó kọ́kọ́ wà ní yunifásítì Air Force, ó lọ sí Virginia, ó parí sí Michigan, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington, tí a ń fún àwọn tí ó ta yọ ní yunifásítì, ní 2022, síbẹ̀ ìpele karùn-ún ni Seattle tó mú un ní 2023. Ó sábà máa ń jókòó lẹ́yìn ẹlòmíràn títí di oṣù Kọkànlá 2024, nígbà tí center wọn, Connor Williams, fẹ̀yìn tì lójijì láàárín sáà. Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó gbé bọ́ọ̀lù fún quarterback. Bí ọmọ náà bá fẹ́ gbìyànjú lóòótọ́, kí ó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ìdánrawò láti ìsinsìnyí, ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí ó sì wá ẹgbẹ́ rugby tàbí ti ìjàkadì tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń rẹ ìbàdí sílẹ̀ kí a tó ti ènìyàn.