Ọ̀bẹ àpò gwanjo tí ṣóńṣó ẹ̀ kán: ṣé ó tó iye tí wọ́n pè é?

Onísólà Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ọ̀bẹ àpò kan wà lọ́wọ́ ọlọ́jà gwanjo (ọjà àlòkù) kan ní Gwagwalada, oríṣi tó ń ká wọ inú èèkù, pupa ni, àgbélébùú kékeré wà lára ẹ̀. Yàtọ̀ sí irin ńlá àti irin kékeré tó ń gé nǹkan, ó ní ìṣí-agolo, ìṣígò àti irin lílọ́ tí wọ́n fi ń yọ ìdérí wáìnì. ₦15,000 ló pè é, ó ti já a wálẹ̀ sí ₦13,000. Iṣẹ́ sólà ni mo fẹ́ máa fi ṣe: kí n fi bó wáyà, kí n fi gé táì ọlọ́ràá, kí n fi tú síkúrù kéékèèké.

Àléébù tí mo rí rèé. Ṣóńṣó irin ńlá ti kán, èyí tó kán níbẹ̀ ò ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ẹnu ẹ̀ yọ eyín kan láàárín. Èèpo pupa náà sán létí ibi tí òrùka kọ́kọ́rọ́ wà. Ìtayín tó máa ń wà nínú èèkù ti sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀mú kékeré ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ VICTORINOX, SWITZERLAND, STAINLESS, ROSTFREI sí ìdí irin náà. Rostfrei yìí ló ń kọ mí lóminú, ṣé kì í ṣe ayédèrú? Ọlọ́jà ní òun á bá mi gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.

Alágbẹ̀dẹ Panteka, Kàdúná

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ lórí Rostfrei. Èdè Jámánì ni, kò ju "irin tí kì í dípẹtà" lọ, ohun kan náà tí STAINLESS ń sọ. Kódà "inox" tó wà lẹ́yìn orúkọ Victorinox, ọ̀rọ̀ Faransé ni fún irú irin bẹ́ẹ̀. Ọdún 1921 ni wọ́n so ó mọ́ Victoria, orúkọ ìyá Karl Elsener tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1884. Ohun tí o máa wò ni bóyá lẹ́tà náà jinlẹ̀ sínú irin tí etí ẹ̀ sì mọ́, àbí wọ́n kàn fi ọ̀dà tẹ̀ ẹ́. Fi èékánná gba orí àgbélébùú náà kọjá. Bí ó bá jẹ́ irin tí wọ́n tẹ̀ wọ inú èèpo, àmì dáadáa ni.

Gbogbo àléébù tí o kà sílẹ̀ yìí, èyí tójú ń rí ni. Èyí tó ń pa ọ̀bẹ àpò wà ní sípíríńgì ẹ̀yìn, ní oríkèé, àti nínú irin tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti pọ́n dànù. Padà lọ, mú rúlà àti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ dání.

Ṣí irin ńlá náà díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó kọ́kọ́ máa fà padà mọ́ ọ lọ́wọ́, kó wá ta pàá nígbà tó bá ṣí tán. Bí o bá ń pa á dé, tó bá ti kọjá ìdajì, kó já wọlé fúnra ẹ̀. Bí ó bá kàn ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí o fì í tó ṣí, sípíríńgì yẹn ti sán tàbí kó ti kú. Sípíríńgì kan ló ń sin irin ńlá àti irin kékeré, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí. Òmíràn ló ń sin ìṣí-agolo àti ìṣígò. Nítorí náà dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí ọ̀kan bá dẹ̀ tí èkejì ẹ̀ lórí sípíríńgì kan náà sì le, wo ìdọ̀tí inú oríkèé ná, kí o tó máa wá ibi tó sán.

Lẹ́yìn náà, ṣí irin ńlá tán, di ṣóńṣó ẹ̀ mú, tì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá mì bí irun orí, kò burú. Bí ó bá mì lókè àti nílẹ̀, ihò ìṣó oríkèé ti fẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ìṣó kàn pa kò sì ní síkúrù tí o máa fún.

Bébà yẹn wá kù. Gé e ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ sórí sípíríńgì nínú èèkù, rọra pa irin ńlá dé lé e, fà á jáde. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá gé e, irin náà ń lu sípíríńgì. Tún un ṣe, kí o tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fi rúlà wọn irin ńlá náà láti ẹnu èèkù dé ṣóńṣó. Bí gbogbo èèkù bá jẹ́ 91 mm ní ìká, irin ńlá tó ṣì pé máa ń tó nǹkan bíi 70 mm. Kó èsì wá.

Ìyá Alápatà, Karu

Alágbẹ̀dẹ ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó fo ohun tí mo kà sí olórí. Ọmọ mi, wo ẹnu ọ̀bẹ yẹn nínú oòrùn, má wò ó lábẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ gwanjo ni àwọn ọlọ́jà máa ń gbé fún ọmọ oníẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kó fi òkúta tó ń yí ràà ràà pọ́n ọn kó lè máa tàn. Iná máa ń jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Bí o bá rí ibi tó ní àwọ̀ oyin tàbí búlúù létí ẹnu ẹ̀, irin ibẹ̀ ti rọ̀. Á mú lónìí, á kújú lọ́la, kò sí bí o ṣe lè pọ́n ọn tí á dúró, àfi kí o lọ kọjá ibi tó jó yẹn pátápátá, kí ló wá kù?

Wo ìlà tí òkúta fà sílẹ̀ lára ẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ṣákálá bí ìgbà tí wọ́n fi ayùn ya ọ́, ẹ̀rọ ni. Mi ò ní san ₦13,000 lórí ọ̀bẹ tí ṣóńṣó ẹ̀ kán kí n má tíì rí ẹnu ẹ̀ nínú oòrùn.

Oníná Lugbe

Ẹ jọ̀ọ́, nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Èèpo pupa yẹn kì í ṣe ààbò iná. Lábẹ́ ẹ̀ ni pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù wà, ìṣó irin sì gba àárín èèkù kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Páńẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ń bà kò ṣeé pa bí i súìṣì, iná ń jáde nínú ẹ̀ títí. Páńẹ́ẹ̀lì méjì mẹ́ta tí wọ́n so tẹ̀léra lè kọjá fóltì 100, bí irú iná yẹn bá sì ti fò láti irin kan sí èkejì, kì í tètè kú. Ọ̀bẹ yìí wà fún wáyà tí kò sí iná lára ẹ̀ nìkan. Fún bíbó wáyà, ihò kékeré wà nídìí irin ìṣígò. Ki wáyà sí i, yí i po lẹ́ẹ̀kan, fà á. Wò ó bóyá etí ihò náà ṣì mú, nítorí òun gan-an ni iṣẹ́ rẹ. Ṣóńṣó ìṣí-agolo á bá ọ tú síkúrù kékeré. Wò ó bóyá kò tíì lọ́.

Onísólà Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí.

Irin ńlá jẹ́ 67 mm. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ta pàá dáadáa, irin kékeré nìkan ló le láti ṣí, ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú ẹ̀. Kò mì sókè sílẹ̀. Mi ò rí búlúù tàbí àwọ̀ oyin nínú oòrùn, ìlà ara ẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́. Ihò bíbó wáyà mú. Àmọ́ bébà gé, gẹ́lẹ́ níbi tí eyín yẹn wà! Nígbà tí mo rọra pa á dé, ó fà á ya díẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó gé e pátápátá.

Alágbẹ̀dẹ Panteka, Kàdúná

O ti rí i báyìí. Eyín yẹn kì í ṣe pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé egungun. Sípíríńgì ló ń lù ú nígbàkúgbà tí wọ́n bá jẹ́ kó já dé gbàgà. Ìyẹn dára ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí iṣẹ́ kan ló máa wo méjèèjì sàn. Láti pọ́n eyín náà tán, o máa lọ irin kúrò ní gbogbo gígùn ẹnu ọ̀bẹ, kì í ṣe ojú eyín nìkan. Bí ẹnu náà bá ti dín ní bíi ìdajì mìlímítà, ó ti gòkè kúrò lórí sípíríńgì. Kì í ṣe irin tó le jù, 56 ni lórí òṣùwọ̀n Rockwell tí wọ́n fi ń wọn líle irin, òkúta lásán á jẹ ẹ́.

Ṣóńṣó ni kí o fi ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á lọ ẹnu ọ̀bẹ sókè kó lè bá ẹ̀yìn ẹ̀ pàdé. Ọ̀bẹ inú ilé gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń ká kò gbà á, nítorí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló wà níta nígbà tó bá dé. Ṣóńṣó á yọrí lókè èèkù, á máa gún ọ nítan nínú àpò. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí o fi fáìlì kékeré lọ wálẹ̀ kó wá bá ẹnu. Ọwọ́ ni, má gbé e fún oníẹ̀rọ. Lọ ọ́ bíi ìgbà mẹ́wàá, pa á dé, fi ìka wò ó, tún lọ ọ́.

Fún ẹnu, ra òkúta olójú méjì, 400 (ojú tó rí ṣákálá) àti 1000 (ojú tó kúnná). Fi máákà dúdú kun ẹnu ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ kúrò lára òkúta tó mìlímítà 4, ìyẹn fún irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 12, á fún ọ ní nǹkan bíi dígíríì 20. Wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí o wo máákà. Bí dúdú bá ń kúrò létí pátápátá, o wà níbi tó yẹ. Bí ó bá ń kúrò lókè tí etí ṣì dúdú, gbé ẹ̀yìn sókè sí i. Lórí 400 ni kí o ti pa eyín náà rẹ́, iye ìgbà kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tún fi bébà dán an wò kí o tó bọ́ sórí 1000. Láti òní lọ, di irin náà mú wọlé, má jẹ́ kó já, má sì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ nígbà tó bá ti dé.

Ìyá Alápatà, Karu

Bí kò bá sí ibi tó jó, mo gbà. Ṣùgbọ́n ka ohun tí ó máa ná: òkúta, fáìlì, ọ̀sán kan gbáko. Ṣóńṣó máa kúrú sí i, ẹnu máa dín. Fún ọlọ́jà ní ₦8,000, má kọjá ₦10,000. Fi bébà tó gé yẹn hàn án. Kò lè bá ọ jiyàn lórí ohun tó fojú ara ẹ̀ rí.

Oníná Lugbe

Iyanrìn inú irin kékeré, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́ ni. Rì í sínú ẹ̀, máa ṣí i kí o sì máa pa á dé nínú omi bíi ogún ìgbà títí omi ò fi ní dọ̀tí mọ́, gbọ̀n ọ́n, jẹ́ kó gbẹ. Má fi tínà tàbí pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, á jẹ èèpo pupa. Ẹ̀kán kan òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Kì í ṣe òróró ẹ̀pà o! Ó máa ń di gọ́ọ̀mù, bí ọyẹ́ bá sì dé, gbogbo eruku Abuja á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, fọ̀ ọ́ lóṣooṣù.

Bí o bá máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù ni kó wà. Bí wọ́n bá rí i nínú báàgì ọwọ́, wọ́n á gbà á.

Onísólà Kubwa

₦9,500 ló gbà á. Èèpo tó sán yẹn ńkọ́, ṣé kí n fi nǹkan lẹ̀ ẹ́?

Alágbẹ̀dẹ Panteka, Kàdúná

Ó dára bẹ́ẹ̀. Orí ìṣó ni èèpo náà kàn há mọ́, kò gbé ẹrù kankan, ọ̀bẹ kò ní tú nítorí ẹ̀. Bí ibi tó sán bá ń já ọ lọ́wọ́, fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ti Araldite (àtè líle) díẹ̀ bọ inú ẹ̀, dè é mọ́ra di ọjọ́ kejì. Rí i pé kò kán sínú ihò ẹ̀mú. Bí o bá rí èèpo tuntun rà, ti 91 mm ni kí o béèrè. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní bá orí ìṣó mu. Ìtayín náà, ti 91 mm ni.