Títa igi ìdáná lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Kétu: báwo lẹ ṣe ń wọn ìdì tí owó ò fi ní jò?

Ọmọ_Ìdẹ́nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iwájú ilé wa lójú títì Kétu sí Pobẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8, mo sì fẹ́ máa ta igi ìdáná níbẹ̀. Akasíà àti tẹ́kì láti oko àwọn tó gbìn ín ni mo fẹ́ máa rà ní stère (òṣùwọ̀n igi títò), kí ọkọ̀ akẹ́rù bàṣé máa kó o wá. Ohun tó ń rú mi lójú rèé: ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn ìdì, ti òní kì í bá ti àná dọ́gba. Báwo lẹ ṣe ń mọ iye tó yẹ kí ìdì kan jẹ́? Ìgbà wo ló yẹ kí n rà á, kí òjò tó dé bá a ní gbígbẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un, kí àwọn aṣọ́gbó má baà dá ọkọ̀ dúró.

Aláàáké_Méjì

Àbúrò, o kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ ìdì ni kó o kọ́kọ́ yanjú, ibẹ̀ ni owó ti ń jò tí ojú ò rí i.

Ra irin onímílímítà 6, èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 100, ká a roboto, jẹ́ kí ẹnu méjèèjì gun ara wọn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 6, kí wẹ́dà jó o pọ̀. Òrùka tó máa jáde á fẹ̀ ní 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Gé gbogbo igi rẹ ní 50. Gbé òrùka náà dúró, máa ki igi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o máa fi kékeré dí àlàfo àárín àwọn ńlá, títí ọwọ́ ò fi ní ráyè wọlé mọ́. Fi okùn dè é lápá ọ̀tún àti lápá òsì kó o tó yọ òrùka. Tó o bá yọ òrùka kó o tó so ó, ìdì á tú, àtúndì rẹ̀ á sì kéré.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Stère kan ni igi tí wọ́n tò ní mítà 1 gígùn, mítà 1 ìbú, mítà 1 gíga. Ìdì tó fẹ̀ ní 30, tó gùn ní 50, ń gba bíi 0.035 nínú rẹ̀. Lórí ìwé, stère kan á jẹ́ ìdì 28. Tó o bá débi iṣẹ́, èèpo tó ń ṣí àti igi wíwọ́ á jẹ 2 nínú rẹ̀, torí náà kà á sí 26. Ká ní o rà á ní 9,000 sẹfà, ọkọ̀ gba 3,000, ẹni tó gé e tó sì là á gba 2,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14,000. Pín in sí 26: ìdì kan ti gba 538 lọ́wọ́ rẹ, okùn ò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ń tà á ní 500 torí pé owó tó rọrùn láti san ni, àdánù ló ń tà lójoojúmọ́. Fi iye tí wọ́n ń tà á fún ọ rọ́pò tèmi, kó o tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ 500 ni àwọn oníbàárà rẹ mọ̀, má fipá gbé owó lé e. Ṣe òrùka kejì tó fẹ̀ ní 25, irin 85 ló máa gbà. Stère kan á fi í jẹ́ 40, kà á sí 38. Ìdì kọ̀ọ̀kan á gba 368 lọ́wọ́ rẹ, èrè 132 á sì wà lórí 500 kó o tó yọ owó okùn. Gbé òrùka méjèèjì kọ́ sí ojútáyé, kí oníbàárà rí ohun tí o fi ń wọ̀n. Mo ka ìyẹn sí pàtàkì gan-an: ẹni tó bá rí òrùka kì í náwọ́ mú igi kún ìdì.

Nípa rírà: igi inú bàṣé ò ṣe é wọ̀n. Ri òpó méjì mọ́lẹ̀ sínú ọgbà, kí àárín wọn jẹ́ mítà 1, fi ọ̀dà sàmì sí mítà 1 lára wọn, kí wọ́n to igi tó gùn ní mítà 1 síbẹ̀ kó o tó sanwó. Wò ó láti iwájú. Tó o bá rí i pé wọ́n fi igi dábùú ara wọn láàárín, inú rẹ̀ ṣófo nìyẹn, ní kí wọ́n tún un tò. Igi wíwọ́ náà ń jẹ àyè: stère rẹ̀ ò ní igi tó ti gbọọrọ.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ

Ọmọ wa, ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dára. Kí n fi ọ̀rọ̀ omi kún un, nítorí igi tútù ló ń lé oníbàárà lọ ju owó lọ.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kílò 10 rẹ̀, kílò 5 péré ni igi. Tó bá gbẹ débi tí omi fi ku ìdá kan nínú márùn-ún, á wọn kílò 6 àti díẹ̀. Omi tó kù lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ hó jáde kí igi tó jó, ooru tó yẹ kó wọ ìkòkò ló ń bá omi yẹn lọ. Ìdí tí ìdí ìkòkò fi ń dúdú nìyẹn, tí ojú ẹni tó ń ro ẹ̀kọ sì ń pọ́n.

Ní apá ibi tiwa, òjò ńlá máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin sí ìkeje, èyí tó tẹ̀ lé e máa ń dé ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Nítorí náà, ra igi rẹ ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, là á lójú ẹsẹ̀, kí ọyẹ́ bá a ní lílà. Má ṣe fi odidi igi kalẹ̀ láìlà kó o ní ó ń gbẹ. Èèpo ń dí omi mọ́nú, ojú tí àáké ṣí sílẹ̀ àti orí igi méjèèjì ni omi ń gbà jáde. Akasíà àti tẹ́kì sì máa ń rọrùn láti là nígbà tí wọ́n ṣì tútù. Èyí tó tó ìwọ̀n apá ọwọ́ ń fẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Kó o tó tà á, mú ẹyọ 5, sàmì sí wọn, máa wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n wọn ò bá yẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ. Tí kò bá sí òṣùwọ̀n, la ẹyọ kan, fi ojú inú rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá tutù minimini, omi ṣì wà. Gbá méjì mọ́ra: èyí tó gbẹ ń ró kaŋ-kaŋ, tútù ń ró gbì.

Títò rẹ̀ ńkọ́? Gbé e sórí igi àbí búlọ́ọ̀kù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó jìnnà sí ògiri ní 50, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kó o sì lè tètè rí ojú ọ̀nà amọ̀ tí ikán ń mọ gòkè. Páànù ni kó o bo orí rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ń fi tapólì dì í látòkè délẹ̀ ń ṣe ara wọn níbi, inú á máa làágùn, ebu á hù. Òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n fi ń lé ikán, ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù nìkan ni kó kàn. Tó bá kan igi, èéfín rẹ̀ á wọnú oúnjẹ. Fún ìdí kan náà, má gba pákó tí wọ́n kùn. Má fọwọ́ lásán fa igi ìsàlẹ̀ jáde, fi ọ̀pá kàn án ná, torí ejò àti àkeekèé.

Mọ ẹni tí ò ń tà fún. Aláàkàrà ń fẹ́ ẹlẹ́gẹ́ tó ń tètè gbiná, tẹ́kì dáa fún un. Ẹni tó ń ro ẹ̀kọ àti ẹni tó ń se ọtí sódàbì ń fẹ́ akasíà tó nípọn, torí ẹyín iná rẹ̀ ń pẹ́. Ẹni tó ń yan gàrí ò fẹ́ iná tó ń gbé sókè lójijì, gàrí á jóná. Ìhá ẹyìn tí o bá dì sínú àpò kékeré, fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́: gbogbo wọn ló ń fi dáná. Mángòrò ni mi ò ní gbà ọ́ níyànjú rẹ̀. Kòkòrò máa ń lu ú kíákíá, ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà_Sákétè

Lórí ìwé: òfin igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1993. Igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, bíi ti Kétu yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Pé igi jẹ́ ti oko àdáni ò ní kí ọkọ̀ má ní ìwé: ẹni tó tà á fún ẹ ni kó lọ sí ọ́fíìsì Eaux et Forêts, ìyẹn ti àwọn aṣọ́gbó, tó sún mọ́ oko rẹ̀, kó gba laissez-passer, ìwé tí ọkọ̀ fi ń kọjá. Ẹ wò ó kí ọkọ̀ tó gbéra bóyá irú igi àti iye stère tó wà nínú ìwé bá ti orí ọkọ̀ mu, kí ọjọ́ rẹ̀ sì má ti kọjá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé títí ẹ ó fi ta igi yẹn tán. Ẹ má sì tò ó sí ẹ̀bá títì; inú ilẹ̀ yín ni kó wà, ìdì 5 tàbí 6 péré ni kó jáde síta.

Ọmọ_Ìdẹ́nà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹlẹ́kọ mẹ́ta wà ládùúgbò. Ṣé òrùka 25 yẹn ni mo máa fi tà fún wọn?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ

Rárá o. Ẹlẹ́kọ á jó ìdì bẹ́ẹ̀ tán kí ògì tó hó. Ta ìdajì stère fún wọn láàárín òpó méjì yẹn, kí wọ́n rí i tí o tò ó. Igi tí o gé ní 50 ni ìwọ ní, torí náà ìlà kan tó kún dé àmì mítà 1 ni ìdajì stère, kò sí àtúnwọ̀n kankan. Yọ owó okùn àti owó dídì kúrò fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ ní oṣù kẹta iye tí wọ́n máa fẹ́ nígbà òjò, kó o ya tiwọn sọ́tọ̀ lábẹ́ páànù.